Ẹsẹ̀ ló ń yìnbọn, ọwọ́ kàn ń mú un dání ni

Nínú fíìmù, akọni á máa sáré, á máa yìnbọn, gbogbo ọta á sì bá ọ̀tá. Irọ́ gbuu! Bí ẹnu ìbọn ìléwọ́ bá yẹ̀ ní digírì 1 péré, kí ọta tó rin mítà 10, á ti yà tó sẹ̀ǹtímítà 17. Ẹni tó ń fẹsẹ̀ kilẹ̀ gbì gbì ń mú un yẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹni tó bá fẹ́ máa rìn kó sì máa yìnbọn, ẹsẹ̀ ni wọ́n ń kọ́kọ́ kọ́ ọ, kì í ṣe ọwọ́. Ẹ wo obìnrin tó ru igbá tòmátì wọ ọjà Atákúnmọ́sà ní Iléṣà, tí kò fọwọ́ dì í mú. Láti ìbàdí sílẹ̀ ni iṣẹ́ wà. Orúnkún rọ̀ díẹ̀, gìgísẹ̀ á kọ́kọ́ kanlẹ̀, àtẹ́lẹsẹ̀ á tẹ̀ lé e títí dé ọmọ ìka, ìṣísẹ̀ ò sì gùn. Ọlọ́kadà fun fèrè, ó yà fún un. Ẹnì kan kí i, ó dáhùn. Oníbàárà ná an, ó kọ̀, igbá ò mì. Ká fi í sílẹ̀ kó máa tajà. Ìrìn yẹn gan-an ni ẹni tó ń yìnbọn ń wá.

Síbẹ̀, àmì iwájú ìbọn, tí wọ́n fi ń wo ibi tí wọ́n fẹ́ yìn, ò ní yé mì. Ibí ni ọ̀pọ̀ ti ń kùnà: wọ́n á máa dúró dìgbà tó máa dákẹ́, bó bá ti fẹ́ kọjá àárín pátákó tí wọ́n ń yìn, ìka á fa ohun tó ń mú ìbọn dún lójijì, ẹnu ìbọn á sì tẹríba. Ẹ jẹ́ kó máa mì, níwọ̀n ìgbà tí kò bá ti kúrò lára pátákó, kí ìka máa fa ohun tó ń mú ìbọn dún náà ní pẹ̀lẹ́ láìdúró. Àwọn kan ní àárín ìṣísẹ̀ méjì ló yẹ kéèyàn yìn ín. Ó dáa lórí pápá ìdánrawò. Nígbà tí àyà bá ń já, ta ló ń ka ìṣísẹ̀? Ìbọn tí kò sí ọta nínú rẹ̀ ni wọ́n fi ń rin ìrìn yìí títí yóò fi mọ́ wọn lára.

Ẹgbẹ́ IDPA tó ń ṣètò ìdíje ìbọn ìléwọ́, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1996, ní kí olùdíje yìn láti ẹ̀yìn ibi ìsápamọ́ bí ọ̀kan bá wà. Òfin yẹn gbọ́n. Kéèyàn lè dé ẹ̀yìn ògiri ló ṣe ń rìn. Bí ògiri bá súnmọ́, kó sáré débẹ̀ ná, kí ìka má sì sí níbi tó ń fà.

Ní Nàìjíríà, òfin ìbọn ọdún 1959 ò gba ará ìlú láyè láti ní ìbọn ìléwọ́ láìsí ìwé àṣẹ Ààrẹ. Ṣakabùlà àwọn ọdẹ wà ní ìsọ̀rí tirẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló sì ń dún kí wọ́n tó tún un kì, nítorí náà ọdẹ ò rìn yìnbọn: ó ń dúró.