Ìbéèrè àti ìdáhùn: Ẹ̀ṣẹ̀ wo ni pátá "tí kò ba àyíká jẹ́" ṣẹ̀ ní Yúróòpù?

Ẹni tó bá ka àkọlé ìròyìn lóréfèé á rò pé Yúróòpù ti fòfin de àwọ̀tẹ́lẹ̀ tí kò ba àyíká jẹ́. Ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Bó ṣe rí nìyí.

Kí ni òfin náà dè gan-an?

Kò de aṣọ kankan. Ọ̀rọ̀ ẹnu ọlọ́jà ló dè. Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù ṣe òfin kan, nọ́ńbà 2024/825, ní oṣù Kejì ọdún 2024, wọ́n sì dá 27 oṣù Kẹsàn-án 2026 pé kó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Láti ọjọ́ náà, ọlọ́jà kò gbọdọ̀ kàn kọ "kò ba àyíká jẹ́" sára ọjà láìní ẹ̀rí tó múná dóko. Kò sì gbọdọ̀ lẹ àmì ìdánilójú tó yà fúnra rẹ̀ mọ́ ọn, èyí tí ẹnikẹ́ni kò bá a yẹ̀ wò. Ẹnu dùn-ún ròfọ́, ìyẹn ni òfin náà ń bá jà. Ẹni tó ń ṣe pátá rẹ̀ dáadáa kò ní pàdánù ju ewé kékeré tó yà sí páálí lọ.

Ṣé pátá ọparun, ọparun ni lóòótọ́?

Ọparun ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, àmọ́ nǹkan mìíràn ló parí sí. Ibí yìí lọ̀rọ̀ ti dojú rú jù, ẹ jẹ́ ká fara balẹ̀.

Wọ́n á gé ọparun wẹ́wẹ́, wọ́n á sè é pẹ̀lú kẹ́míkà títí yóò fi rí bíi bébà tí omi rẹ. Wọ́n á rẹ ìyẹn sínú kọ́sítíìkì sódà, wọ́n á fún un, wọ́n á wá pò ó mọ́ kẹ́míkà tí wọ́n ń pè ní carbon disulfide títí àwọ̀ rẹ̀ yóò fi dà bí èèpo ọsàn tó pọ́n. Tí wọ́n bá tún da kọ́sítíìkì sódà sí i, á di omi tó ki bí oyin. Omi yẹn ni wọ́n ń tì gba ihò tíntìntín bọ́ sínú sulfuric acid, ibẹ̀ ló ti ń dì di fọ́nrán. Viscose ni orúkọ rẹ̀, àwọn Amẹ́ríkà ń pè é ní rayon. Onímọ̀ kẹ́míkà mẹ́ta, Cross, Bevan àti Beadle, ló gba ìwé àṣẹ lórí rẹ̀ ní England ní 1892. Bóyá igi lẹ fi ṣe é, bóyá ọparun ni, ohun kan náà ló ń jáde. Kódà tí ẹ bá dáná sun fọ́nrán méjèèjì, wọn á jó bíi bébà, ẹ kò sì ní mọ èyí tó jẹ́ ọmọ ọparun.

Èdè wa náà tún dá kún un. Òwú là ń pe èyí tó wà lóko, òwú náà là ń pe èyí tó wà lójú abẹ́rẹ́. Tí ọlọ́jà bá wá ní "òwú ọparun", kò purọ́, kò sì sòótọ́.

Àjọ tó ń rí sí ìṣòwò ní Amẹ́ríkà, Federal Trade Commission, ti ń bá èyí jà láti 2009. Ní 2022, wọ́n ní ilé ìtajà ńlá Kohl's àti Walmart ń ta rayon lórúkọ ọparun. Kohl's san mílíọ̀nù dọ́là 2.5, Walmart san mílíọ̀nù 3. Àjọ náà tún la ọ̀rọ̀ mìíràn mọ́lẹ̀: bí igi ọparun bá tilẹ̀ lágbára láti pa kòkòrò àìfojúrí, kẹ́míkà inú iṣẹ́ náà ti pa agbára yẹn kó tó di aṣọ.

Ṣé viscose burú fún ara nígbà náà?

Rárá. Ó rọ̀, ó sì ń fa òógùn. Òṣìṣẹ́ tó ń ṣe é ló wà nínú ewu, torí pé ẹni tó bá ń fa afẹ́fẹ́ carbon disulfide símú lójoojúmọ́ lè ní àrùn iṣan àti ti ọpọlọ. Ibi tí ọ̀rọ̀ àyíká àti ọ̀rọ̀ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn ti pàdé nìyẹn.

Lyocell tí wọ́n ń pariwo ńkọ́?

Igi tàbí ọparun ni òun náà, àmọ́ kò sí carbon disulfide níbẹ̀. Ohun tí wọ́n fi ń yọ́ ọ ni NMMO, wọ́n sì máa ń gbà á padà láti tún un lò, ó lé ní ìdá 99 nínú 100. Tí ẹ bá rí "lyocell" lára lébẹ́ẹ̀lì, ó sàn ju "viscose" lásán lọ.

Àwọn àmì tó wà lára lébẹ́ẹ̀lì, èwo ló ń sọ kí ni?

Wọn kì í sọ ohun kan náà, àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù sì nìyẹn. OEKO-TEX Standard 100 ń sọ pé wọ́n yẹ aṣọ tó ti parí wò fún kẹ́míkà tó lè pa ara lára. Kò sọ nǹkan kan nípa ẹni tó rán an. GOTS ló gbòòrò jù: ó ń tẹ̀ lé òwú láti ìgbà tí wọ́n ti ya kóró rẹ̀ kúrò, ó ń wo aró, omi ìdọ̀tí àti bí wọ́n ṣe ń ṣe sí òṣìṣẹ́. Ìpele méjì ló ní. Èyí tó kọ "organic" gbọ́dọ̀ ní fọ́nrán organic, ìyẹn èyí tí wọ́n gbìn láìlo kẹ́míkà olóró, tó tó ìdá 95 nínú 100 ó kéré tán, èyí tó kọ "made with organic" gbọ́dọ̀ ní 70. Nítorí náà, aṣọ tó ní elastane, fọ́nrán tó ń nà bíi rọ́bà, ìdá 8 kò lè dé ìpele àkọ́kọ́, kì í ṣe pé wọ́n rẹ́ yín jẹ. GRS wà fún ohun àtúnlò bíi léèsì tí wọ́n fi náílọ́ọ̀nù àwọ̀n ìpẹja ṣe. Ọjà tó bá gbé àmì náà gbọ́dọ̀ ní ohun àtúnlò tó tó ìdajì.

Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé wọn kò fìyà jẹ ẹni tó rán an?

Aṣọ kò lè sọ ọ́, ìwé ló lè sọ ọ́. Kọ́mú kan lè ní ohun tó lé ní 20 nínú: agolo (ibi tí ọmú ń wọ̀), wáyà, ìkọ́, òrùka, rọ́bà, fóòmù, léèsì. Ọ̀tọ̀ ni iléeṣẹ́ tó ń ṣe ọ̀kọ̀ọ̀kan. "A rán an níbí" lè jẹ́ òótọ́, kí léèsì rẹ̀ sì ti ibi tí ẹnikẹ́ni kò yẹ̀ wò wá. Ẹ béèrè orúkọ àti àdírẹ́sì ibi tí wọ́n ti rán an, àti ti ibi tí wọ́n ti hun aṣọ rẹ̀. Nígbà tí ilé Rana Plaza, tí àwọn iléeṣẹ́ aṣọ wà nínú rẹ̀, wó ní Bangladesh ní 24 oṣù Kẹrin 2013, èèyàn 1,134 ló kú. Ńṣe ni wọ́n ń wá lébẹ́ẹ̀lì nínú àlàpà kí wọ́n lè mọ ta ló ń ra aṣọ níbẹ̀.

Ṣé ó yẹ kí n bẹ̀rù ohun tó wà lára mi?

Ẹ má bẹ̀rù, àmọ́ ẹ ṣọ́ra fún "ń pa kòkòrò" àti "kì í rùn". Ọ̀pọ̀ ìgbà, kẹ́míkà tí wọ́n fi kún aṣọ ni wọ́n ń ròyìn. Ní 2023, iléeṣẹ́ Thinx gbà láti san owó tó lè tó mílíọ̀nù dọ́là 5 lórí ẹjọ́ tí wọ́n pè é ní Amẹ́ríkà pé PFAS, ìyẹn kẹ́míkà tí kì í tètè jẹrà, wà nínú pátá nǹkan oṣù tó ń tà. Iléeṣẹ́ náà ní òun kò jẹ̀bi. Ẹ wo abẹ́ pátá, níbi ìtẹ́lẹ̀ àárín ẹsẹ̀: kó jẹ́ òwú oko pọ́ńbélé, ohun yòówù kí ìyókù jẹ́. Ẹ fọ ọ́ kẹ́ ẹ tó wọ̀ ọ́.

Ṣé kí n da àwọn tó wà nílé nù, kí n ra tuntun?

Ẹ má dán an wò. Èyí tẹ́ ẹ ti ní kò tún ná ayé ní nǹkan kan. Rọ́bà ló kọ́kọ́ ń kú lára àwọ̀tẹ́lẹ̀, ooru àti bílíìṣì ló sì ń pa á. Ẹ fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ tí kò ju 30°C lọ fọ̀ ọ́, ẹ sá a síbi òjìji, ẹ má fi ẹ̀rọ agbẹṣọ gbẹ ẹ́. Oògùn tó ń mú aṣọ rọ̀ máa ń bo fọ́nrán rọ́bà, ẹ yẹra fún un. Ẹ de ìkọ́ kọ́mú kẹ́ ẹ tó fọ̀ ọ́, ẹ má lọ́ ọ bí àkísà: lílọ́ yẹn ló ń mú kí wáyà yọrí lábẹ́ apá. Ibi àárín agolo méjèèjì ni kẹ́ ẹ fi kọ́ ọ sórí okùn, torí pé ìwúwo omi á fa rọ́bà èjìká gùn. Ẹ má wọ ọ̀kan ṣoṣo lọ́jọ́ méjì léra, kí rọ́bà lè ráyè sún kì.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ ra tuntun, kí ọ̀já ìdí àyà bá yín mu ní ìlà ìkọ́ tó fẹ̀ jù. Bó bá ṣe ń fẹ̀ sí i, ẹ máa bọ́ sí ìlà inú. Ẹni tó bá ra èyí tó bá a mu ní ìlà tó há jù kò ní ibì kankan tó máa bọ́ sí mọ́.

Tó bá ti gbó pátápátá?

Ẹ má rì í mọ́lẹ̀ nítorí pé wọ́n kọ "òwú" sí i. Rọ́bà àti òwú ìránṣọ, tó sábà máa ń jẹ́ polyester, kò ní jẹrà. Ẹ gé wọn kúrò, ẹ fi ìyókù ṣe àkísà. Ìkọ́, òrùka àti okùn èjìká wúlò fún títún òmíràn ṣe, ẹ tọ́jú wọn.