Ìlọ́ Inú Ọ̀pá Ìbọn Ńlá: Gígùn Ọta Ni Kí Ọdẹ Wò

Inú ọ̀pá ìbọn tó ń yin ọta kan ṣoṣo kì í jọ̀lọ̀. Wọ́n fín ìlà tó ń lọ́ po sí i láti ìdí dé ẹnu, àwọn ìlà yìí ló sì ń mú kí ọta máa pòòyì bó ṣe ń jáde. Bí ìlọ́ ọ̀pá kan bá jẹ́ 1:14, ọta á yí po lẹ́ẹ̀kan láàárín ínǹṣì 14. Bí nọ́mbà kejì bá ṣe kéré tó ni ìlọ́ náà ṣe yára tó.

Pípòòyì yìí ló ń gbé ọta dúró nínú afẹ́fẹ́, bí òkòtó ṣe ń dúró lórí ṣóńṣó rẹ̀. Bí kò bá tó, ọta á fi ẹ̀gbẹ́ gba bébà tí a ń yìn ín sí, ihò tó bá dá sí i á gùn gbọọrọ dípò kó rí róbótó.

Ìwúwo ọta ni ọ̀pọ̀ ọdẹ máa ń wò kí wọ́n tó yan ìlọ́, bẹ́ẹ̀ gígùn ló ń pinnu rẹ̀. Greenhill, onímọ̀ ìṣirò ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ti fi èyí hàn láti 1879: ìbú ọta lọ́nà ìbú rẹ̀, lọ́nà 150, kí a wá fi gígùn rẹ̀ pín in. Ẹ mú ọta .458 olójé (ìbú rẹ̀ jẹ́ ínǹṣì 0.458) tó gùn tó ínǹṣì 1.35: ìṣirò yìí fún un ní nǹkan bí 1:23. Ṣùgbọ́n bàbà fúyẹ́ ju òjé lọ, nítorí náà ọta tó jẹ́ kìkì bàbà gbọ́dọ̀ gùn sí i kó tó wúwo bákan náà. Bó bá gùn tó ínǹṣì 1.6, tí a sì ro ti fífúyẹ́ bàbà mọ́ ọn, ó ń fẹ́ nǹkan bí 1:18. Ọ̀pá 1:14 tó wọ́pọ̀ lára ìbọn ẹran ńlá tí wọ́n ń pè ní .458 Winchester Magnum gba méjèèjì láìní wàhálà. Ọ̀pá .45-70 àtijọ́, irú ìbọn mìíràn tó ń yin ọta .458, tí ìlọ́ rẹ̀ jẹ́ 1:20 tàbí 1:22 kò lè gba ti bàbà yẹn.

Ọta tó gùn jù lọ tí ọdẹ máa lò ni kó fi yan ọ̀pá, kó sì fi àyè díẹ̀ sílẹ̀, torí afẹ́fẹ́ òtútù ki ju ti ooru lọ. Ara ẹfọ̀n tàbí erin tún wá ki ju afẹ́fẹ́ lọ ní ìlọ́po ọgọ́rọ̀ọ̀rún. Orí ọta tó tẹ́ pẹrẹsẹ ló ń ṣe púpọ̀ jù nínú kí ó wọlé gbọọrọ, àmọ́ ìlọ́ tó yára ń ràn án lọ́wọ́. Kò sí ìdí láti bẹ̀rù pé yíyí á pọ̀ jù: ọta tó ń sáré ẹsẹ̀ bàtà 2,150 ní ìṣẹ́jú àáyá kan láti ọ̀pá 1:14 ń yí nǹkan bí ìgbà 1,840 láàárín ìṣẹ́jú àáyá náà, èyí tí kò tó ìdajì ti ọ̀pọ̀ ìbọn kéékèèké tó ń yára.

Bí kò bá dájú pé nọ́mbà tí wọ́n kọ sára ọ̀pá tọ́, ó ṣeé wọ̀n. Kí a kọ́kọ́ rí i dájú pé kò sí ọta nínú ìbọn. Kí a wá ti ọ̀pá ìnubọn tí ọwọ́ rẹ̀ ń yí fúnra rẹ̀ wọlé, pẹ̀lú aṣọ tó fún dáadáa lẹ́nu rẹ̀, kí a sàmì sí òkè rẹ̀, kí a sì máa fà á jáde díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí àmì náà bá tún dé òkè, iye ínǹṣì tí ọ̀pá ìnubọn ti rìn ni ìlọ́ ìbọn náà. Kí a ṣe é ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, torí aṣọ lè yọ̀ lórí àwọn ìlà náà kó sì mú kí nọ́mbà náà pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ.