Ìka méjì ló ń dá ilé gíga dúró, àsìkò ló le

Ohun tó máa ń bí èèyàn nínú ni kí wọ́n máa sọ pé ẹ̀rọ tó ń dín ìmì kù nígbà ìjì tàbí ìmìtìtì ilẹ̀, tó wà lórí àwọn ilé gíga kan ní Japan, ló "di ilé mú". Di kí ni mú? Ilé Kyobashi Seiwa ní Tokyo, tí wọ́n kọ́ ní 1989, ga tó mítà 33, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó wúwo tó nǹkan bíi tọ́ọ̀nù 400. Ẹrù méjì ni wọ́n gbé sókè ẹ̀, ọ̀kan tọ́ọ̀nù 4, èkejì tọ́ọ̀nù 1. Márùn-ún á wá di irinwó mú?

Sẹ́ńsọ̀ á mọ̀ pé ilé ń mì, kọ̀ǹpútà á ṣírò, ẹ̀rọ á ti ẹrù lọ sápá kan, ilé á sì gba ìtì sápá kejì, bí ọkọ̀ ojú omi ṣe máa ń sún sẹ́yìn téèyàn bá fò kúrò nínú ẹ̀. Ìyẹn ò le. Àsìkò ló le.

Ẹ wo ọmọ tó wà lórí jangílọ́fà. Ìka méjì ti tó láti tì í. Tẹ́ ẹ bá tì í bó ṣe ń lọ, á máa ga sí i, tẹ́ ẹ bá fi ìka kan náà kò ó lọ́nà bó ṣe ń bọ̀, á máa rọ̀ díẹ̀díẹ̀. Nítorí náà ibi tí ilé ń sáré lọ ni kọ̀ǹpútà gbọ́dọ̀ ta kò, kì í ṣe ibi tó fẹ̀gbẹ́ sí. Wàhálà ibẹ̀ ni pé ẹ̀rọ máa ń pẹ́ díẹ̀ kó tó dáhùn, tí ilé bá sì ń lọ-bọ̀ ní sẹ́kọ́ńdì kan, tí ẹ̀rọ fi ààbọ̀ sẹ́kọ́ńdì pẹ́, ilé ti yí padà, ẹ̀rọ wá ń bá a tì síbi tó ń lọ gan-an, ìmì wá ń le sí i!

Èyí tó tún wá dùn jù: ilé ò ní ìmì kan ṣoṣo. Yàtọ̀ sí ìmì ńlá tó ń fà, ó tún ní àwọn kéékèèké tó yára, tí òkè á lọ sọ́tùn-ún tí àárín á lọ sósì. Ìpẹ́ tí ò tó nǹkan fún èyí tó ń fà lè jẹ́ ààbọ̀ ìlọ-bọ̀ fún èyí tó yára, ni ẹ̀rọ bá ń paná níwájú, ó ń dá a lẹ́yìn. Wọ́n á ní kí kọ̀ǹpútà di etí sí àwọn tó yára, àmọ́ etí dídi yẹn gan-an tún ń fi kún ìpẹ́. Ẹ̀rín ńkọ́?

Ọgbọ́n ni, àmọ́ ọgbọ́n tó ń jẹ iná ni. Bọ́ọ̀lù irin tọ́ọ̀nù 660 tó ń dín ìmì kù nínú Taipei 101, ilé gíga kan ní Taiwan, ò ní kọ̀ǹpútà tó ń darí ẹ̀, ṣe ló rọ̀ dirodiro, iná lọ o, iná ò lọ o, ó ń ṣiṣẹ́ ẹ̀.