Ta Ni Yóò Gbé Ẹrù Àríyànjiyàn? Bí Agbo Ìṣèlú Ṣe Dé Orí Ayélujára

Owó tẹlifóònù ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀. Ní 1979, Tom Truscott àti Jim Ellis, akẹ́kọ̀ọ́ ní Yunifásítì Duke ní Amẹ́ríkà, gbèrò bí àwọn kọ̀ǹpútà yóò ṣe máa pe ara wọn lóru, nígbà tí owó ìpè bá wálẹ̀, kí wọ́n sì máa pààrọ̀ ọ̀rọ̀ tí àwọn èèyàn ti kọ sílẹ̀. Usenet nìyẹn, ó sì ń ṣiṣẹ́ ní 1980. Kò ní olú-ilé. Kọ̀ǹpútà tó gba ọ̀rọ̀ ló ń gbé e fún èkejì, oníkálùkù sì ń san owó ìpè tirẹ̀.

Láìpẹ́, ẹgbẹ́ àríyànjiyàn ìṣèlú kan tó ń jẹ́ net.politics wà níbẹ̀. Ìṣòro rẹ̀ ò ju ẹyọ kan lọ: lórí wáyà, èébú méjìlá tí olóṣèlú méjì bú ara wọn wúwo bákan náà pẹ̀lú èsì ìwádìí sáyẹ́ǹsì tó gùn tó o. Àwọn tó ń sanwó ìpè láti Amẹ́ríkà dé Yúróòpù ló kọ́kọ́ fárígá. Nígbà tí wọ́n tún gbogbo orúkọ tò láàárín 1986 sí 1987, wọ́n pín Usenet sí ìsọ̀rí méje, wọ́n sì kó ìṣèlú, ẹ̀sìn àti gbogbo ohun tó máa ń dá gbọ́nmi-si-omi-ò-tó sílẹ̀ sínú èyí tí wọ́n pè ní talk. Ẹni tí kò bá fẹ́ sanwó rẹ̀ lè kọ̀ láti gba gbogbo talk lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ ò rí i pé ẹnu ọ̀nà ni wọ́n ti kọ́lé fún ìṣèlú, kó má baà ṣòro láti tì í síta. Àwọn tí ìyẹn bí nínú dá ìsọ̀rí alt sílẹ̀ ní 1987, níbi tí èèyàn ti lè dá ẹgbẹ́ tó wù ú sílẹ̀ láìtọrọ àyè.

Ohun ìdáàbòbò tí òǹkàwé ní nígbà náà ni kill file, tó wà nínú rn, ètò ìkàwé tí Larry Wall kọ ní 1984. O máa kọ orúkọ oníjàngbọ̀n tàbí àkọlé ìjà sínú rẹ̀, o ò sì ní rí i mọ́. Àléébù rẹ̀ ni pé ojú tìẹ nìkan ló dí. Àwọn yòókù ṣì ń dá oníjàngbọ̀n lóhùn, wọ́n sì ń da ọ̀rọ̀ rẹ̀ kọ sínú èsì tiwọn, kó o tó mọ̀, èébú náà ti gba ojú fèrèsé wọlé.

Ẹrù kejì ni ẹjọ́. Ní 1991, ilé ẹjọ́ kan ní New York dá CompuServe, ilé iṣẹ́ tó ń pèsè agbo ọ̀rọ̀ orí kọ̀ǹpútà fún àwọn oníbàárà, sílẹ̀ nínú ẹ̀sùn ìbanilórúkọjẹ́, nítorí kì í yẹ ọ̀rọ̀ wò kó tó jáde. Bí ilé ìtàwé ni wọ́n ṣe kà á sí. Ní 1995, ilé ẹjọ́ mìíràn ní New York ka Prodigy, orogún CompuServe, sí olùtẹ̀jáde ọ̀rọ̀ tí ẹnì kan tí a ò mọ̀ kọ síbẹ̀, kìkì nítorí pé Prodigy ní òfin, ó sì máa ń pa ọ̀rọ̀ rírùn rẹ́. Ìyẹn ni pé ẹni tó ń gbálẹ̀ ló máa jẹ gbèsè ìdọ̀tí, ọ̀lẹ ló máa lọ lọ́fẹ̀ẹ́! Aṣòfin méjì, Chris Cox àti Ron Wyden, ló tún un ṣe pẹ̀lú Section 230, tó di òfin ní February 1996: onílé kì í ṣe olùtẹ̀jáde ọ̀rọ̀ àlejò, bó bá sì pa ohun tó burú rẹ́ tinútinú, kò pàdánù ààbò yẹn. Lójú tèmi, kò sí ètò kọ̀ǹpútà kankan tó ṣe pàtàkì tó gbólóhùn yẹn nínú ìtàn yìí.

Ọdún yẹn gan-an ni Jim Robinson dá Free Republic sílẹ̀ ní Fresno, ní California, fún àwọn ará apá ọ̀tún nínú ìṣèlú. Ohun tí wọ́n mọ̀ ọ́n ṣe ni kí wọ́n da ìròyìn odidi kọ síbẹ̀, kí wọ́n sì máa tú u ká nísàlẹ̀. Ní 1998, Los Angeles Times àti Washington Post pè wọ́n lẹ́jọ́, àwọn ìwé ìròyìn ló sì borí. Látìgbà náà ni ìpín díẹ̀ àti líǹkì ti di àṣà káàkiri. Democratic Underground, tí apá òsì ṣí ní 20 January 2001, ọjọ́ tí George W. Bush gun orí àlééfà gẹ́gẹ́ bí ààrẹ Amẹ́ríkà, bá irú ẹjọ́ yẹn pàdé ní 2010 nítorí gbólóhùn márùn-ún péré látinú ìròyìn kan tó ní nǹkan bí àádọ́ta. Ní 2012, adájọ́ gbà pé ìyẹn ò lòdì sófin.

Gbígbálẹ̀ ló wá kù, òun ló sì gba ọgbọ́n jù. Slashdot, ìkànnì ìròyìn kọ̀ǹpútà tí kì í ṣe ti ìṣèlú rárá, ló kọ́ àwọn yòókù. Lọ́dún 1999, ó ń fún àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ní máàkì márùn-ún tí wọ́n gbọ́dọ̀ ná láàárín ọjọ́ mẹ́ta. Ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan ń gùn láti -1 dé 5, òǹkàwé á sì yan ibi tí yóò ti máa kà. Ẹni tó bá dá sí àríyànjiyàn kan kò lè fi máàkì síbẹ̀ mọ́. Daily Kos, ìkànnì apá òsì tí Markos Moulitsas bẹ̀rẹ̀ ní May 2002, kó lọ sórí Scoop ní 2003, ètò tí Rusty Foster kọ fún ìkànnì Kuro5hin. Níbẹ̀ nígbà náà, ẹnikẹ́ni lè kọ àròkọ tirẹ̀, wọ́n ń pè é ní diary, ìbò àwọn òǹkàwé ló sì ń gbé e lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú ìwé àkọ́kọ́. Àkáǹtì tuntun ń dúró wákàtí mẹ́rìnlélógún kó tó lè dáhùn, ó sì ń dúró ọ̀sẹ̀ kan kó tó kọ diary. Ìbínú ẹni tó wá jà kì í sábà pẹ́ tó ọ̀sẹ̀ kan. Àwọn tí ẹgbẹ́ ti fọkàn tán lè fún ọ̀rọ̀ ní máàkì òdo láti bò ó mọ́lẹ̀. Ibẹ̀ náà ló ti ń bàjẹ́: dípò kí wọ́n fi òdo mú oníjàngbọ̀n, wọ́n ń fi mú ẹni tí èrò rẹ̀ yàtọ̀, títí agbo á fi máa gbọ́ ohùn ara rẹ̀ nìkan.

Síbẹ̀, irú agbo bẹ́ẹ̀ lè já fáfá. Ní 8 September 2004, ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n CBS gbé ìwé kan jáde lórí iṣẹ́ ológun Bush. Lóru ọjọ́ yẹn, ẹnì kan ní Free Republic ti sọ pé àlàfo àwọn lẹ́tà rẹ̀ jọ ti kọ̀ǹpútà ju ti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ayé ọjọ́un lọ. Kí oṣù tó parí, CBS gbà pé àwọn ò lè fìdí ìwé náà múlẹ̀.

Nígbà tí Reddit dé ní 2005, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé gbogbo ẹrù yìí lórí ara rẹ̀: máṣíìnì rẹ̀, agbẹjọ́rò rẹ̀, bọ́tìnnì ìbò rẹ̀. Alábòójútó agbo kọ̀ọ̀kan ò ní ju kó gbálẹ̀ lọ, lọ́fẹ̀ẹ́. Ṣùgbọ́n onílé ló ni kọ́kọ́rọ́. Ní 29 June 2020, Reddit ti The_Donald, agbo àwọn alátìlẹ́yìn Donald Trump, pa. Àwọn ọmọ agbo náà ti ṣí ìkànnì tiwọn sílẹ̀ ṣáájú, wọ́n kó lọ síbẹ̀, owó máṣíìnì, ẹjọ́ àti ìgbálẹ̀ sì padà sọ́rùn wọn.