Bíríkì iná tó wúwo kì í dí ooru o, ẹ jọ̀ọ́

Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi. Ọdọọdún, tó bá ti ku díẹ̀ kí oṣù February wọlé, tí yìnyín ṣì wà nílẹ̀ ní Vermont níbí, ní Amẹ́ríkà, àwọn èèyàn á bẹ̀rẹ̀ sí í kan ààrò tí wọ́n máa fi se oje igi máápù kó lè di síróòpù, ẹlòmíì á gé dúrọ́ọ̀mù epo, ẹlòmíì á gbé kọ́bọ́ọ̀dù irin tí wọ́n ń kó fáìlì sí tẹ́lẹ̀ dùbúlẹ̀, wọ́n á to bíríkì iná, ìyẹn bíríkì tí wọ́n dìídì ṣe kí iná má lè bà á jẹ́, sínú ẹ̀, wọ́n á ní ó tán, ooru ò lè jáde mọ́. Ta ló sọ fún yín?

Pé irin lásán ò lè fara da iná igi látàárọ̀ dalẹ́, ìyẹn ò lárìíyànjiyàn nínú, ẹni tó bá ti rí dúrọ́ọ̀mù tó pọ́n wẹ̀ẹ̀ tó sì tẹ̀ kọ̀rọ̀kọ̀rọ̀ rí ò nílò ìwàásù. Torí náà bíríkì ní iṣẹ́ tó ń ṣe. Àmọ́ kí nǹkan má jóná ọ̀tọ̀, kí nǹkan má jẹ́ kí ooru kọjá ọ̀tọ̀! Agbada irin tí wọ́n fi ń yan gààrí náà kì í jóná, ẹ gbọ́wọ́ lé e ká wò ó.

Bíríkì iná tó wúwo yẹn, íǹṣì 9 ní gígùn, 4.5 ní fífẹ̀, 2.5 ní nínípọn, ọ̀kan ṣoṣo ń lọ sí bíi kìlò 3.5, ooru ló ń mu. Ẹ rántí ààrò búrẹ́dì alámọ̀ ilé wa, wọ́n á dáná sínú ẹ̀ títí, wọ́n á kó ẹyín iná jáde, ògiri tó ti mu ooru yó ló wá ń yan búrẹ́dì. Ó dáa fún búrẹ́dì. Ẹni tó ń se oje ò wá ògiri tó yó, abẹ́ agbada ló fẹ́ kí ooru ẹ̀ lọ, nítorí nǹkan bíi lítà 40 oje ló ń di lítà 1 síróòpù, ìyókù omi ni, iná ló sì gbọ́dọ̀ lé gbogbo ẹ̀ lọ.

Èyí tó ń dí ooru ni oríṣi bíríkì iná kejì, ó fúyẹ́, bíi kìlò 1 péré, ihò wẹ́wẹ́ kún inú ẹ̀, ayùn lásán lè gé e, afẹ́fẹ́ inú ihò yẹn ló ń ṣiṣẹ́. Ooru tó ń gba inú èyí tó wúwo kọjá lè tó ìlọ́po 5 ti èyí. Ẹnì kan gbé e lọ́wọ́, ó ní ayédèrú ni torí ó fúyẹ́. Háà. Lóòótọ́ ó tètè ń fọ́ tí wọ́n bá ń ju igi lù ú, ìdí nìyẹn tí àwọn tó mọ̀ ọ́n ṣe fi ń to èyí tó wúwo síwájú, kó máa gba ẹ̀ṣẹ́ igi, wọ́n á wá tẹ́ búláńkẹ́ẹ̀tì ceramic, ìyẹn aṣọ nínípọn tó rí bí òwú tó ń dí ooru, sẹ́yìn ẹ̀ kó tó kan irin.

Bàbá aládùúgbò mi kan ní tòun ń hó dáadáa láìsí búláńkẹ́ẹ̀tì kankan. Mo gbà. Mo bi í pé igi mélòó ló jó, ló bá yí ọ̀rọ̀ sórí yìnyín.

Mi ò sọ pé òfò ni bíríkì wúwo nìkan o. Tó bá jẹ́ ọjọ́ méjì péré lẹ fi ń sè lọ́dún, tí igi sì jẹ́ ọ̀fẹ́, bóyá ni ìyàtọ̀ náà fi máa tó owó búláńkẹ́ẹ̀tì. Bó bá tún ti gbóná tán, kì í jẹ́ kí ooru já wálẹ̀ lójijì tẹ́ ẹ bá ṣílẹ̀kùn láti kó igi sí i.

Àmọ́ búláńkẹ́ẹ̀tì yẹn, eruku ẹ̀ ò dáa fún ẹ̀dọ̀fóró, ẹ bo imú tẹ́ ẹ bá ń gé e, ẹ má sì fi sílẹ̀ lásán kí iná máa lá a. Páànù tí wọ́n fi síǹkì bò, ẹ má kàn án mọ́nú ààrò rárá, èéfín ẹ̀ ń ṣeni. Sìmẹ́ńtì ilé kíkọ́ náà, ẹ má fi lẹ bíríkì pọ̀, ooru á sọ ọ́ di ìyẹ̀fun. Iná àkọ́kọ́, ẹ jẹ́ kó kéré, omi ṣì wà nínú bíríkì, tẹ́ ẹ bá kógi kún un lọ́jọ́ kan náà, á là, ẹ ò sì ní sọ pé ẹni tó ta bíríkì fún yín ló rẹ́ yín jẹ.