Ṣé olè ni ìjọba tó bá ní kí wọ́n ṣe oògùn láìgba àṣẹ oníhùmọ̀?

Ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé orílẹ̀-èdè tó bá ti fọwọ́ sí àdéhùn òwò àgbáyé kò ní ohùn mọ́ lórí ọ̀rọ̀ oògùn. Wọ́n ní iye tí ilé-iṣẹ́ tó hùmọ̀ rẹ̀ bá dá lé e ni kí aláìsàn san, àti pé ìjọba tó bá ní kí ẹlòmíràn ṣe irú rẹ̀ ti jalè. Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn tó kàwé dáadáa, ó sì máa ń dùn mí, nítorí àdéhùn náà fúnra rẹ̀ kò sọ bẹ́ẹ̀.

Àṣìṣe yìí ní orísun. Tẹ́lẹ̀, olúkúlùkù orílẹ̀-èdè ló ń pinnu bóyá òun á fún oògùn ní páténtì, ìyẹn ẹ̀tọ́ tí òfin fún oníhùmọ̀ pé kí ẹlòmíràn má ṣe ohun tó hùmọ̀ láìgba àṣẹ rẹ̀. Ní Íńdíà, òfin ọdún 1970 dáàbò bo ọ̀nà tí wọ́n gbà ṣe oògùn, kò dáàbò bo oògùn fúnra rẹ̀. Ẹni tó bá rí ọ̀nà mìíràn gbà ṣe é lè gbé e lọ sọ́jà. Nígbà tí Àjọ Ìṣòwò Àgbáyé (WTO) bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́dún 1995, àdéhùn kan lórí ẹ̀tọ́ àwọn oníhùmọ̀, tí wọ́n ń pè ní TRIPS, bá a wọlé. Òun ló ní kí páténtì máa lo 20 ọdún, ó kéré tán, oògùn pẹ̀lú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n fún àwọn orílẹ̀-èdè tí ọwọ́ wọn ò tó nǹkan ní àsìkò sí i. Títí ọdún yẹn á fi pé, kò sí ẹni tó máa bá oníhùmọ̀ du ọjà, òun ló sì sábà máa ń dá iye.

Àrùn éèdì ló jẹ́ kí gbogbo ayé rí ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. Ní nǹkan bí ọdún 2000, àpapọ̀ oògùn mẹ́ta tó ń tẹ kòkòrò HIV lórí ba ń ná aláìsàn kan ju 10,000 dọ́là lọ lọ́dún. Lọ́dún 2001, Cipla, ilé-iṣẹ́ kan ní Íńdíà, ní òun á máa ta irú rẹ̀ fún ẹgbẹ́ dókítà Médecins Sans Frontières ní 350 dọ́là. Kì í ṣe pé ó ṣòro ṣe ni kò jẹ́ kó tètè dé ọ̀dọ̀ àwọn tó kú.

Lọ́dún 2001 yẹn kan náà, ní oṣù Kẹrin, ilé-iṣẹ́ oògùn 39 tó pe ìjọba Gúúsù Áfíríkà lẹ́jọ́ lórí òfin tó fẹ́ mú kí oògùn dín lówó kó ẹjọ́ wọn kúrò ní kóòtù. Ní oṣù Kọkànlá, àwọn mínísítà orílẹ̀-èdè WTO péjọ sí Doha, wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé TRIPS kò dí ìjọba lọ́wọ́, kò sì yẹ kó dí i lọ́wọ́, láti dáàbò bo ìlera aráàlú. Ìjọba kọ̀ọ̀kan lè fún ilé-iṣẹ́ mìíràn láṣẹ láti ṣe oògùn tó ní páténtì, ìjọba fúnra rẹ̀ ló sì máa pinnu ìdí tó fi ṣe bẹ́ẹ̀. Kò di dandan kí àjàkálẹ̀ àrùn bẹ́ sílẹ̀ kó tó ṣe é. Bí ó bá bẹ́, kò tún nílò láti kọ́kọ́ bá oníhùmọ̀ dúnàá-dúrà ni. Oníhùmọ̀ kò sì ní lọ lọ́wọ́ òfo. Nígbà tí Bràsíì ṣe é lọ́dún 2007 lórí efavirenz, oògùn éèdì kan, ó ní òun á máa san ìdá 1.5 nínú 100 fún ilé-iṣẹ́ tó ni páténtì. Ta ló ń pe ẹni tó sanwó ní olè?

Orílẹ̀-èdè tí kò ní ilé-iṣẹ́ oògùn ni ọ̀rọ̀ yìí ṣòro fún jù. TRIPS ní ìlú tó bá ṣe irú oògùn bẹ́ẹ̀ ni kó lo èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Lọ́dún 2003 ni wọ́n tó ṣí ọ̀nà láti fi ránṣẹ́ sí ìlú mìíràn, ọ̀nà náà sì kún fún ìwé kíkọ débi pé Rùwáńdà, tó kọ́kọ́ gbà á, fi tó WTO létí lọ́dún 2007, ṣùgbọ́n ọdún 2008 ni oògùn àkọ́kọ́ tó ti Kánádà dé.

Ohun tó ń di ìjọba lọ́wọ́ ní tòótọ́ wà nínú àwọn àdéhùn tí orílẹ̀-èdè méjì ń bá ara wọn ṣe, irú èyí tí Amẹ́ríkà àti Jọ́dánì fọwọ́ sí lọ́dún 2000. Wọ́n máa ń fi kún un níbẹ̀ pé fún ọdún mélòó kan, àwọn tó ń fọwọ́ sí oògùn kò gbọ́dọ̀ gbára lé àbájáde ìdánwò tí ilé-iṣẹ́ àkọ́kọ́ ṣe láti fún ẹlòmíràn láṣẹ títà. Oògùn náà lè máà ní páténtì kankan nílùú ọ̀hún, síbẹ̀ olówó pọ́ọ́kú irú rẹ̀ kò ní rí ọjà wọ̀.