Ìdarí eré Tomb of Horrors

Tomb of Horrors jẹ́ ìwé ìrìn-àjò fún Dungeons & Dragons, eré orí tábìlì tí olùdarí kan ti ń ṣàpèjúwe ayé inú ìtàn, tí eléré kọ̀ọ̀kan sì ń sọ ohun tí ẹ̀dá tirẹ̀ fẹ́ ṣe; dáìsì ni wọ́n fi ń yanjú ohun tí kò dájú. Gary Gygax, ọ̀kan nínú àwọn méjì tó ṣe eré náà jáde ní 1974, ló kọ ìwé náà. Ẹ̀dá tó ń kú sínú rẹ̀ pọ̀, ìdí sì nìyí tí ó fi sábà máa ń jẹ yọ níbi tí àwọn olùdarí bá ti ń jíròrò ìrìn-àjò tó le.

Ìpilẹ̀ṣẹ̀

Gygax fẹ́ fi dán àwọn ògbóǹtarìgì eléré tó ń bá a ṣeré wò ni, pàápàá Rob Kuntz àti Ernie, ọmọ Gygax fúnra rẹ̀. Ẹ̀dá àwọn méjèèjì ti lágbára débi pé nǹkan díẹ̀ ló tún lè dẹ́rù bà wọ́n. Wọ́n fi ṣe ìdíje ní Origins àkọ́kọ́, àpéjọ àwọn eléré, ní Baltimore, Amẹ́ríkà, ní oṣù Keje ọdún 1975. TSR, iléeṣẹ́ tó ń tẹ Dungeons & Dragons jáde nígbà náà, tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1978, àmì S1 sì wà lára rẹ̀.

Inú ibojì náà

Ibojì Acererak ni, oṣó kan tó ti kú ṣùgbọ́n tí agbárí rẹ̀ ṣì lè fa ọkàn ènìyàn yọ. Ẹnu ọ̀nà mẹ́ta ló wà, ẹ̀tàn sì ni méjì: òrùlé ọ̀kan a máa wó, òkúta ńlá a sì dí ènìyàn mọ́ inú èkejì. Ìjà kò pọ̀ níbẹ̀. Ọ̀fìn, pàkúté àti àlọ́ ló kún un. Nínú gbọ̀ngàn àkọ́kọ́, ipa ọ̀nà pupa kan gba àárín òkúta wẹ́wẹ́ tí wọ́n tò sílẹ̀, Acererak sì fi ọ̀rọ̀ ìtọ́sọ́nà pamọ́ síbẹ̀ fún ẹni tó bá lè túmọ̀ rẹ̀. Ní ìparí gbọ̀ngàn náà, ojú iwin aláwọ̀ ewé kan ya ẹnu sílẹ̀. Ẹni tó bá wọ ẹnu náà ti parẹ́, kò sì sí dáìsì tó lè gbà á là.

Iṣẹ́ olùdarí

Ojú kan ṣoṣo tí eléré ní nínú ibojì yìí ni ẹnu olùdarí. Bí olùdarí bá gbàgbé láti sọ pé inú ẹnu iwin náà ṣókùnkùn biribiri, tí ẹ̀dá kan sì wọ ibẹ̀, olùdarí ló pa á, kì í ṣe ibojì. Ó yẹ kó ka ìwé náà tán kí eré tó bẹ̀rẹ̀, nítorí ohun tó wà ní yàrá àkọ́kọ́ lè jẹ́ kọ́kọ́rọ́ sí ti ìkẹyìn. Ìwé àwòrán ọ̀tọ̀ tún wà tí wọ́n máa ń fi han àwọn eléré bí wọ́n bá dé ibi kọ̀ọ̀kan. Kí olùdarí gbé àwòrán sílẹ̀ kó sì dákẹ́. Bó bá nàka sí ohunkóhun, ó ti já àlọ́ náà fún wọn.

Ìbéèrè pẹ̀lú lè tú àṣírí. Olùdarí tó jẹ́ pé ibi tí ọ̀fìn wà nìkan ló ti ń béèrè pé, "Ẹsẹ̀ wo lo kọ́kọ́ gbé?" ti kìlọ̀ fún eléré láìmọ̀. Kó máa béèrè bẹ́ẹ̀ níbi tí kò séwu náà. Àmọ́ bí wọ́n bá ń fi ọ̀pá gún gbogbo ilẹ̀ ní ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan, eré kò ní lọ síwájú. Ọ̀nà tó dára ni kí àwọn eléré kọ ìlànà ìrìn wọn sílẹ̀: ta ló ṣáájú, ta ló mú ọ̀pá, báwo ni ẹnì kan ṣe jìnnà sí èkejì. Ìlànà yẹn ni olùdarí yóò máa tẹ̀ lé títí wọn yóò fi yí i padà.

Kò tọ́ kí olùdarí yí pàkúté padà nítorí pé eléré gbọ́n jù ú lọ. Gygax ròyìn pé Robilar, ẹ̀dá Kuntz, kó àwọn ọmọ ogun orc, ìran abàmì kan nínú eré náà, ṣáájú títí gbogbo wọn fi tán sínú pàkúté. Nígbà tí agbárí Acererak gbéra, Robilar kó ìṣúra, ó sì sá lọ. Gygax kò wọ́gi lé e. Lójú ọ̀pọ̀ olùdarí, ìdájọ́ yẹn ni ẹ̀kọ́ tó níye lórí jù nínú ìtàn ìwé náà.

Ibì kan wà tó gba ojú tí kì í sọ tinú. Ibojì èké kan ń ṣe bí ẹni pé ó fẹ́ wó lulẹ̀. Bí àwọn eléré bá sá jáde, ìwé náà ní kí olùdarí bi wọ́n bóyá eré náà ti le jù fún wọn, bí ẹni pé ó ti parí. Olùdarí tí ohùn rẹ̀ bá yí padà níbẹ̀ ti ba ẹ̀tàn náà jẹ́.

Ikú ẹ̀dá

Kí olùdarí sọ ọ́ ṣáájú pé ẹ̀dá lè kú láìsí àánú. Ogún ẹ̀dá tí wọ́n ti ṣe sílẹ̀ wà nínú ìwé 1978, nítorí náà ẹni tí tirẹ̀ bá kú kò ní láti jókòó máa wòran.

Àwọn ẹ̀dà mìíràn

Bruce Cordell kọ Return to the Tomb of Horrors ní 1998. Ní 2017, wọ́n tún ibojì àkọ́kọ́ náà ṣe sínú Tales from the Yawning Portal, ìwé àkójọ ìrìn-àjò. Àṣírí ojú iwin náà ti tàn kálẹ̀ báyìí, nítorí náà ó dára kí olùdarí kọ́kọ́ béèrè ta ló ti ṣe é rí, kí ẹni bẹ́ẹ̀ sì jẹ́ kí àwọn ẹlòmíràn ṣáájú ní gbọ̀ngàn àkọ́kọ́.